Ìfẹ̀yìntì ní Jos: Adójútòfò Ìlera Wo Ni Kí Ẹ Mú?

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló fẹ̀yìntì sí Jos tí wọn kò sì padà sílé mọ́. Àwọn kan jáde ní Yunifásítì Jos, àwọn kan ní ilé ìwòsàn ńlá JUTH ní Lamingo, àwọn kan ní ilé ìwádìí àìsàn ẹran ọ̀sìn tó ti wà ní Vom láti 1924, àwọn mìíràn ní ilé ẹ̀kọ́ ìlànà ìjọba, NIPSS, ní Kuru. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í ronú púpọ̀ nípa ẹni tó ń sanwó dókítà. Káàdì wà lọ́wọ́, ilé ìwòsàn ní orúkọ wọn, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ni wọ́n ń mú jáde lápò. Owó oṣù ni wọ́n so káàdì yẹn mọ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá dúró, káàdì náà dúró nìyẹn, àfi tí ẹni tó ni ín bá ti wá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí owó náà ṣe ń rìn, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n yíyàn wà. Oṣù Òkúdù 2005 ni ìjọba Olusegun Obasanjo ṣí ètò adójútòfò ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10 nínú 100 owó oṣù gan-an, kí òṣìṣẹ́ dá 5. Owó yìí ló ń tọ́jú òṣìṣẹ́, ẹnìkejì rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HMO ló ń gba owó náà, òun ló sì ń san án fún ilé ìwòsàn. Ọ̀nà méjì ló ń gbà san án. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ẹ yàn ń gba iye kan pàtó lóṣooṣù lórí orúkọ yín, ẹ ṣàìsàn o, ẹ kò ṣàìsàn o. ₦750 ni iye náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e dé ₦1,450. Tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n á kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá, HMO á fún wọn ní kóòdù tó fi hàn pé ó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni HMO á sanwó iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn ńlá náà bá ṣe.

Kóòdù yìí ti dá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dúró lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dalẹ́. Ní 2025, NHIA, àjọ tó ń bójú tó ètò náà, pàṣẹ pé HMO kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ kó tó fèsì. Ẹ mọ àṣẹ yẹn, kí ẹ sì máa tọ́ka sí i bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́la.

Òfin NHIA, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Èbìbí 2022, sọ pé ó di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ẹni tó ti fẹ̀yìntì wà nínú "gbogbo" yẹn. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé.

Ẹnu ọ̀nà kìíní ni GIFSHIP, ètò NHIA fún ẹnìkan, ìdílé tàbí ẹgbẹ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń sanwó tirẹ̀ lọ́dún. ₦15,000 ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀; ẹ béèrè iye tó jẹ́ lónìí kí ẹ tó lọ. Baba tó ti mọ́ lára pé káàdì òun ń gbé ìyàwó òun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó ẹni méjì lòun máa san báyìí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ti orílẹ̀-èdè ni. Ẹni tó ń gbé Jos, tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ọdún, tó tún ń lo oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ ní Èkó, á rí i lò níta Plateau. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tún lè kó orúkọ jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan, èyí tó máa ń mú kí wọ́n lẹ́nu ọ̀rọ̀ tí ilé ìwòsàn bá ń ṣe ségesège.

Ìkejì ni PLASCHEMA, àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Plateau tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà ìjọba Simon Lalong. Kò mọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ nìkan. Ó ní ọ̀nà fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, ìyẹn sì kan ọ̀pọ̀ Yorùbá Jos tó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ná, tí ẹnikẹ́ni kò san owó oṣù fún wọn rí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró sí Plateau, tí kì í rìnrìn àjò mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni màá ní kó kọ́kọ́ lọ, torí pé ọ́fíìsì tó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ wà nílùú kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìkẹta jẹ́ ọ̀fẹ́. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba lọ sí ìtọ́jú ìpìlẹ̀, apá kan rẹ̀ sì ń gba àwọn aláìní wọlé. Òfin 2022 ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù, orúkọ tí wọ́n sì ń gbà kò pọ̀. Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó jẹun, kó lọ béèrè ní ibùdó ìlera àdúgbò rẹ̀ kó má tijú.

Ìkẹrin ni HMO aládàáni, tí ọmọ tó wà nílẹ̀ òkèèrè sábà máa ń rà fún òbí. Yàrá wọn máa ń dára, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn pẹ́ lórí ìdúró. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ orí kan, wọ́n sì lè ní kí ẹ dúró fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àìsàn tó ti wà lára yín tẹ́lẹ̀. Ẹni ọdún 68 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lè san owó ọdún kan gbáko kó máa ra oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ rà á, kó ka apá tí wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní san sí kó tó wo iye owó.

Báwo wá ni kéèyàn ṣe yàn? Àìsàn ọ̀dọ́ ń wá lójijì, ó sì ń lọ. Àìsàn àgbà ń jókòó ti ni. Nítorí náà, oògùn oṣooṣù ni kí ẹ fi wọn ètò kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn yín sórí ìwé, kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ yàn, kí ẹ béèrè èwo ni wọ́n ń fún àwọn oníkáàdì níbẹ̀ gan-an. Ilé ìwòsàn tó ń gba owó kékeré kan náà lóṣù lórí ẹni tó ń gbé oògùn mẹ́rin lè máa kọ ìwé fún un pé kó lọ rà á níta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn tó jókòó ní yàrá ìdúró. Wọn kò ní fi pamọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀nà. Ìlú tí kọ́fíù ti ká mọ́lé lọ́pọ̀ ìgbà ni Jos. Ẹ yan ilé ìwòsàn tó wà lápá ibi tí ẹ ń gbé, tí ẹ lè dé lóru, ì báà jẹ́ Bingham tí ará ìlú ń pè ní Jankwano, OLA, Plateau Specialist, tàbí ilé ìwòsàn Kristẹni ti Vom fún ará ìhà ibẹ̀. Ní pàjáwìrì, ilé ìwòsàn yòówù tó wà lábẹ́ ètò NHIA ló yẹ kó gbà yín, àmọ́ ìtọ́jú ojoojúmọ́ ń fẹ́ ibi tó sún mọ́lé.

Kí ẹ sì mọ ohun tí káàdì kì í gbé. Nínú ìlànà àtijọ́ ti NHIS, àjọ tó wà kí NHIA tó rọ́pò rẹ̀, wọ́n ń yẹ ojú wò, wọn kì í san owó dígí. Ìdajì owó ẹ̀rọ MRI àti CT ni wọ́n ń san. Fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín sì ní ìwọ̀n tí kò lè tó ẹni tó nílò rẹ̀ títí ayé. Ìwọ̀nyí gan-an ni ọjọ́ ogbó ń béèrè. Nítorí náà, ètò ìjọba kan gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, pẹ̀lú owó díẹ̀ tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún dígí àti àyẹ̀wò, ló sàn ju gbígbára lé HMO olówó gegere tó lè dá yín padà nítorí ọjọ́ orí.

Ìjọba lè ṣe jù báyìí lọ. Ní Ghana, ẹni tó ti pé 70 ọdún sókè àti ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ SSNIT, àjọ ìfẹ̀yìntì wọn, kì í san owó adójútòfò. Ní oṣù Ògún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu náà pàṣẹ kí wọ́n ṣètò ìlera fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí owó wọn kéré. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì máa béèrè ibi tí àṣẹ náà dé lọ́wọ́ àwọn àjọ owó ìfẹ̀yìntì, PenCom àti PTAD, kí wọ́n má dákẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn oṣù yìí kò lè dúró de àṣẹ.

Ẹ̀yin tó kù díẹ̀ kí ẹ fẹ̀yìntì, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ ìdágbére. Ẹ mú nọ́ńbà NIN tiyín àti ti ẹnìkejì yín, ẹ mú ìwé oògùn yín, kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ kí owó oṣù ìkẹyìn tó wọlé.