Agadez: Ìlú Tí Mọ́tò Ti Ń Dúró Kó Tó Wọ Aṣálẹ̀

Ọ̀rọ̀ jápa ò tán lẹ́nu wa. Mo ń gbọ́ ọ ní àsìkò bíréèkì pé àwọn kan àtọ̀rẹ́ wọn á gba orí ilẹ̀ lọ sí Líbíà, wọ́n á kàn sinmi díẹ̀ ní Agadez. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìlú náà.

Orílẹ̀-èdè Niger ni Agadez wà, létí aṣálẹ̀ Sàhárà. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́sáláṣí àtijọ́ ibẹ̀, ilé gogoro rẹ̀ sì ga tó mítà 27. Ní 2013, UNESCO ka àárín ìlú náà mọ́ àjogúnbá àgbáyé. Ìlú tó dùn ún wò ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró níbẹ̀? Bọ́ọ̀sì ò lè rin inú iyanrìn. Hilux ni wọ́n ń wọ̀, èèyàn tó lé ní 20 lẹ́yìn ọkọ̀ kan, wọ́n á di igi mú kí wọ́n má baà já bọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi kéékèèké ni wọ́n ń gbé. Tí mọ́tò bá kọṣẹ́, omi á tán. Ní 2013 kan náà, wọ́n rí òkú èèyàn 92 nínú aṣálẹ̀ Niger. Mọ́tò wọn ló bàjẹ́, òǹgbẹ ló pa wọ́n. Obìnrin àtọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Owó ẹlòmíì sì máa ń tán sí Agadez, kò ní lè lọ, kò ní lè bọ̀. Àjọ IOM ní ibùdó níbẹ̀ tó ń ran ẹni tó bá fẹ́ padà sílé lọ́wọ́.

Tọ́rẹ̀ẹ́ bá pè yín, ẹ bi í: omi wa á tó ọjọ́ mélòó? Ta ló máa wá wa tí mọ́tò bá kú?