Nígbà Tí Àmì Ohùn Bá Bọ́ Nínú Kọ́míìkì

Ọmọ Ìkìrun tó bá fẹ́ ya kọ́míìkì kò lè ní òun ò rí ìtàn yà. Ogun Jálumi wà ńlẹ̀: lọ́dún 1878, nítòsí ìlú rẹ̀, Ìbàdàn kojú Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ẹlẹ́ṣin ń sá, odò Ọ̀tìn sì ń gbé èèyàn lọ. Yíyà rẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Wàhálà dé nígbà tí balógun bá yanu, tí ayàwòrán tẹ "Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ó yá!" sínú àpótí ọ̀rọ̀, tí àmì orí Ẹ wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tó di àpótí òfìfo.

Ohun tó fà á kò le. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. À àti é náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ọ́ ò ní. Lẹ́tà á kọ́kọ́ wá, àmì á tẹ̀lé e, fọ́ńtì àti sọ́fítíwíà ló máa wá pawọ́ pọ̀ gbé àmì náà ka ibi tó yẹ. Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́ńtì kọ́míìkì ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ irú ìwé yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa: ọdún 1967 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í jáde l'Ékòó, tó sì ń sọ eré àwọn òṣèré tíátà di ìtàn onífọ́tò lédè Yorùbá.

Níbi àmì yìí ni àpùdéètì sọ́fítíwíà ti di ọ̀rọ̀ gidi. Krita, èlò ìyàwòrán tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, gbé ẹ̀dà 5.2 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n sì tún ẹ̀rọ tó ń to ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ Yorùbá lè má fiyè sí i rárá.

Àpùdéètì mìíràn a sì máa dá ìjà sílẹ̀. Clip Studio Paint, tí iléeṣẹ́ Celsys ní Japan ń ṣe, wà lára èyí tí àwọn oníkọ́míìkì ń lò jù láyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ti rà á lẹ́ẹ̀kan kì í sanwó mọ́ kó tó gba ohun tuntun. Lọ́dún 2022 ni Celsys kéde pé láti ẹ̀dà 2.0, èyí tó jáde ní 2023, ìyẹn ti dópin. Ariwo sọ. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 kan náà, wọ́n tún ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ AI tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ sínú èlò náà. Àwọn ayàwòrán fárígá, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni wọ́n jí fi kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, iléeṣẹ́ náà ti yí ohùn padà: kò ní í wọ ibẹ̀ mọ́. Oníbàárà tó bá lè sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni à ń fojú di.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Ókukù ní ìṣirò tirẹ̀ lórí gbígba àpùdéètì. Krita nìkan lé ní 100MB, owó dátà sì nìyẹn. Kò yẹ kó gba ẹ̀dà tuntun nígbà tí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó parí. Kó kọ́kọ́ da fáìlì rẹ̀ kọ sí ibòmíràn, nítorí ohun tí ẹ̀dà tuntun bá kọ, ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ n'Ínísà lè má rí i ṣí dáadáa.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá kọ "kò ṣiṣẹ́" ránṣẹ́ sí àwọn olóhun èlò kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ rí báyìí: "Krita 5.2 ni mò ń lò lórí Windows 10. Mo tẹ Ẹ̀ sínú àpótí ọ̀rọ̀, àmì yẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo lo fọ́ńtì Noto Sans, ó jókòó dáadáa." Kó so fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló níye lórí jù, torí ó mú kó jọ pé Krita kọ́ ló ṣẹ̀. Ẹni tó ṣe fọ́ńtì tí àmì ti yẹ̀ ló yẹ kí ìròyìn náà lọ bá.