Naushad: Ìbò àwọn olólùfẹ́ ló fún un ní Filmfare kan ṣoṣo tó gbà, fíìmù rẹ̀ wo ni ẹ̀yin ó yàn?

Tí ẹ bá ní kí àwọn olólùfẹ́ sinimá àtijọ́ ti ilẹ̀ Íńdíà dìbò yan fíìmù tí orin Naushad ti dùn jùlọ, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn kan á ní Baiju Bawra ti ọdún 1952 ni. Àwọn mìíràn á ní Mother India ti 1957. Ọ̀pọ̀ á sì ta kú pé kò sí èyí tó tó Mughal-e-Azam ti 1960.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Baiju Bawra nìkan ló gba àmì ẹ̀yẹ Filmfare fún orin.

Ta ni Naushad?

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Naushad Ali ní ìlú Lucknow. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó fi orin ṣe iṣẹ́, ló bá gba Bombay lọ. Òun kọ́ ló ń kọrin náà lẹ́nu. Òun ló ń gbé orin kalẹ̀ fún àwọn bíi Lata Mangeshkar àti Mohammed Rafi.

Wọ́n ní nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n purọ́ fún àwọn àna rẹ̀ pé télọ̀ ni. Orin rẹ̀ láti inú fíìmù Rattan sì ni àwọn onílù ń lù níbi ayẹyẹ náà, láìmọ̀ pé ọkọ ìyàwó ló ni ín.

Báwo ni ìbò ṣe wọ ọ̀rọ̀ orin?

Lọ́dún 1952, rédíò ìjọba Íńdíà dín orin fíìmù kù gidigidi. Mínísítà tó ń bójú tó o, B.V. Keskar, fẹ́ kí aráàlú máa gbọ́ ojúlówó orin àtayébáyé ilẹ̀ wọn. Ni àwọn olùgbọ́ bá yí sí Radio Ceylon, níbi tí Ameen Sayani ti bẹ̀rẹ̀ ètò Binaca Geetmala ní oṣù Kejìlá. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ orin tó wù wọ́n jù.

Ọdún yẹn gan-an ni Naushad kó ojúlówó orin àtayébáyé náà sínú Baiju Bawra, tó sì pe àgbà ọ̀jẹ̀ bíi Amir Khan àti D.V. Paluskar wá kọ ọ́. Nígbà tí Filmfare bẹ̀rẹ̀ ní 1954, òǹkàwé tó lé ní 20,000 dìbò, Naushad sì jáwé olúborí.

Kò gbà á mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún tó kan Mother India, O.P. Nayyar ló gbà á fún Naya Daur. Lọ́dún tó kan Mughal-e-Azam, Shankar-Jaikishan ló gbà á. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kun Mughal-e-Azam ní àwọ̀ lọ́dún 2004, ó tún padà sí sinimá.

Kí ló kan Nàìjíríà?

Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ti ń kó fíìmù Íńdíà wọ Nàìjíríà. Ní Kano, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wo Mother India ní àwòtúnwò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ èdè Híńdì. Àwọn olórin bàǹdírí níbẹ̀ tilẹ̀ mú ohùn orin Íńdíà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sí i.

Àwọn wọ̀nyí kò kọ lẹ́tà sí Radio Ceylon, wọn kò sì dìbò fún Filmfare. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbò ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo lẹ ó dìbò fún?