Ìkìlọ̀ Ọjà-Tán tàbí Ìkìlọ̀ Àtúnrà?

Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣàkóso ọjà inú ilé ìkẹ́rùsí, àyè kan wà tí a ń kọ iye kan sí. Bí ọjà bá ti dín kù dé iye náà, ẹ̀rọ yóò kìlọ̀. Orúkọ tí ó tètè ń wá sí ẹnu ògbufọ̀ fún èyí ni ìkìlọ̀ ọjà-tán. Ó rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà: ẹni tí ọjà rẹ̀ ti tán, kí ni yóò fi ìkìlọ̀ ṣe?

Ìkìlọ̀ ìkùdíẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Ìkùdíẹ̀-káàtó ni etí ọmọ Yorùbá yóò gbọ́ nínú rẹ̀, bí ẹni pé oníṣòwò náà ti kùnà. Èyí tí ó tún burú jù ni pé díẹ̀ kò sọ iye. Ká ní ilé ìtajà òògùn kan ní Ìbàdàn ń ta páálí òògùn ibà 12 lójúmọ́, tí èyí tí ó bá béèrè fún láti Èkó sì ń gba ọjọ́ 5 kí ó tó dé. Páálí 60 ni yóò tà kí ọjà tuntun tó wọlé. Nítorí pé ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà, tí oníbàárà sì lè pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó fi 24 kún un, èyí tí í ṣe títà ọjọ́ 2. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 84. Páálí 84 kì í ṣe díẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti dún. Bí akọ̀wé bá tẹ̀lé ìtumọ̀ díẹ̀, tí ó kọ 10 síbẹ̀, òògùn yóò tán kí ọjọ́ kan tó pé, àwọn aláìsàn yóò sì máa padà lọ́wọ́ òfo fún ohun tí ó lé ní ọjọ́ 4.

Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé àkókò tó láti tún ọjà rà. Bí èdè Yorùbá ti ní àtúnṣe, àtúnkọ àti àtúntò, àtúnrà kò lè ṣàjèjì. Iye 84 yẹn ni ojú àtúnrà. Ohun tí ẹ̀rọ ń ké ni ìkìlọ̀ àtúnrà. Ọjọ́ 5 náà ni ọjọ́ ìretí ọjà. Ní ti 24, ẹlòmíràn lè ronú kan èèbù. Ṣùgbọ́n gbígbìn ni àgbẹ̀ ya èèbù sọ́tọ̀ fún, kò fẹ́ jẹ ẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé títà ni a ó ta 24 yìí bí ìdádúró bá dé. Àpamọ́ bá a mu jù.

Ìlànà ìṣirò tí Ford W. Harris tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1913 dá lórí iye tí ó yẹ lẹ́ẹ̀kan, R. H. Wilson, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1934, so ó pọ̀ mọ́ ìgbà tí ó yẹ. Ìbéèrè ìgbà yìí ni ìkìlọ̀ ń dáhùn.

Ó tún yẹ kí a ya ọjà ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà ọ̀nà. Bí ètò bá ń wo ọjà ọwọ́ nìkan, yóò máa kìlọ̀ lójoojúmọ́ títí ẹrù Èkó yóò fi dé, akọ̀wé tí kò fura yóò sì ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Òògùn tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ kọjá lórí àtẹ ni èrè irú ìrajà bẹ́ẹ̀. Àròpọ̀ méjèèjì ni kí a fi wé ojú àtúnrà.

Ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́ọ̀dù kì í ti í ra òògùn bí kò ṣe kí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìkẹ́rùsí, àtúnbéèrè yóò bá a mu ju àtúnrà lọ. Ìṣirò náà kò yí padà.