Apá báàlù já, síbẹ̀ ó ń fò! Àṣìṣe àwòrán nínú géèmù ogun òfurufú

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni ẹni tó ń gbá géèmù ogun òfurufú fi ń mọ̀ bóyá ọ̀tá rẹ̀ ti kú tàbí ó ṣì wà láàyè. Bí ojú bá wá ń tan ni ńkọ́? Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lóru. Ó ti ń lé báàlù Jámánì kan láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó yìnbọn fún un, apá òsì báàlù náà já, apá ọ̀hún sì ń yí gbirigbiri lọ sílẹ̀. Ọmọkùnrin yìí gbà pé iṣẹ́ ti parí, ó wá ẹlòmíràn lọ. Àfi bí báàlù tí apá rẹ̀ já yìí kan náà ṣe yọ sí i lẹ́yìn, tó sì yìnbọn já a bọ́. Igbe tó ké, àwọn ará ilé rò pé olè ló wọlé ni.

Irú ẹjọ́ báyìí pọ̀ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn géèmù wọ̀nyí. Ọ̀kan tó lórúkọ dáadáa nínú wọn ni IL-2 Sturmovik, tí Oleg Maddox àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ìlú Moscow gbé jáde ní ọdún 2001. Ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà ni wọ́n fi ṣe eré náà. Orúkọ báàlù gidi ni IL-2. Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe é ju 36,000 lọ, wọ́n sì fi irin tó nípọn yí ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ ká, nítorí pé nítòsí ilẹ̀ ló ti ń jà, níbi tí ọta ìbọn ti pọ̀. Báàlù inú géèmù náà kì í kàn gbiná kó sì pòórá bíi ti eré ọmọdé. Ọta lè dá ihò sí i lára, epo lè máa jò, ìrù lè gé.

Kí ló wá dé tí ojú fi ń tan ni? Ìwé méjì ni kọ̀ǹpútà ń kọ lórí báàlù kan ṣoṣo. Ẹ fi wé oníṣòwò tó ní ìwé gbèsè nínú àpótí, tó sì tún fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbèsè náà sára ògiri kí oníbàárà lè rí i. Ìwé inú àpótí ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣèdájọ́: bí ọta ṣe ba apá jẹ́ tó, bóyá ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, bóyá awakọ̀ ti fara gbọgbẹ́. Ara ògiri ni àwòrán tí à ń rí. Wọ́n á ti ya apá kan náà lóríṣiríṣi sílẹ̀: èyí tó pé, èyí tí ọta dá ihò sí díẹ̀, èyí tó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, èyí tó gé. Bí ìbàjẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú ìwé, kọ̀ǹpútà á máa yọ àwòrán kan kúrò, á sì máa fi òmíràn sí i.

Bí ẹni tó ya àwòrán bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, apá lè pòórá lójú wa nígbà tó ṣì wà nínú ìwé, tàbí kó dúró digbí nígbà tí ìwé ti ní ó já. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń bá ara wọn jà láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kọ̀ǹpútà ló ń ránṣẹ́ síra wọn nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí iṣẹ́ tí wọ́n rán bá pẹ́ tàbí tó sọnù lọ́nà, apá á já nílé Lágbájá, á sì wà lálàáfíà nílé Tàmẹ̀dù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ màgòmágó ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n sì pè lólè lè máà mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ráhùn ni mo gbè. Àwọn kan á ní àwọn dá ihò sí báàlù lára jákèjádò, kò bọ́. Ẹlòmíràn yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, ó já lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbàjẹ́ kankan kò hàn lára rẹ̀. Ìyẹn lè máà jẹ́ àṣìṣe rárá. Bó ṣe máa ń rí nínú ogun gidi nìyẹn.

Ní 1943, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Abraham Wald, Júù tó kúrò ní ìlú Vienna lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938 nítorí ìjọba Hítílà, ń bá àwọn ológun ṣe ìṣirò ní yunifásítì Columbia, nílùú New York. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe lè fi àwọn báàlù tó ti ogun dé mọ ibi tó léwu jù lára báàlù. Ẹni tó bá wò wọ́n lóréfèé á ní kí wọ́n lẹ irin mọ́ ibi tí ihò pọ̀ sí. Àmọ́ àwọn tó padà wálé nìkan la rí kà. Báàlù tí ihò kún apá rẹ̀ tó sì délé ti fi hàn pé ihò apá kò pa á. Bí ihò bá ṣọ̀wọ́n lára ẹ́ńjìnnì wọn, kì í ṣe pé ọta kì í bá ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó bá lẹ́ńjìnnì ni kò lè wálé wá fi ojú ọgbẹ́ hàn.

Ẹ̀mí ènìyàn ló wà nídìí ìṣirò yẹn. Nínú àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé bọ́ǹbù lọ jà, ó lé ní 55,000 tó kú. Ọmọ ilẹ̀ wa náà bá wọn fò: Akin Shenbanjo wà nínú báàlù Halifax, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ DFC.

Nítorí náà, bí ẹjọ́ bá dé iwájú àwọn tó ṣe géèmù, àkọsílẹ̀ ìjà náà ni wọ́n máa ń béèrè, nítorí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú gbogbo rẹ̀ kí wọ́n sì tún un wò. Wọ́n á gbé àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé inú. Bí méjèèjì bá bára mu, kò séjọ́. Bí wọn ò bá bára mu, wọ́n á tún un ṣe nínú èyí tí wọ́n bá tún gbé jáde. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa yẹn, bí wọ́n bá wo ìjà náà láti inú kọ̀ǹpútà ọ̀tá rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí apá òsì yẹn wà níbẹ̀ digbí, kó jẹ́ ihò bíi mẹ́ta péré ló wà lára rẹ̀.