Ọwọ́ ta ni iná wà?

Tí iná bá lọ ládùúgbò, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni gbogbo èèyàn ń bú. Òun ni ojú ń rí: òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbé àkàbà kiri, òun ló ń já wáyà, òun náà ló ń gbowó. Àmọ́ kí iná tó dé orí òpó ẹnu ọ̀nà wa, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá: ẹni tó ń ta gáàsì, ẹni tó ń fi gáàsì ṣe iná, ẹni tó ń gbé e rìn lórí wáyà ńlá, kó tó wá kan apínná.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1950, ìjọba amúnisìn kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ibùdó iná Nàìjíríà sábẹ́ àjọ kan, ECN. Wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ ní 1962 láti sé odò Ọya ní Kainji. Ìjọba ológun pa méjèèjì pọ̀ ní 1972, NEPA bá délẹ̀. Láti ìdí ẹ̀rọ amúnáwá títí dé ìdí mítà, ẹnì kan ló ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn, bí wọn ò tiẹ̀ ní ṣí i.

Òfin iná ti 2005 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀. NEPA di PHCN, wọ́n sì dá NERC sílẹ̀ láti máa ṣe alámòójútó. Ní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ó ta púpọ̀ nínú àwọn ibùdó tó ń ṣe iná náà. Wáyà ńlá ni kò tà rárá.

Ibi gáàsì gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ibùdó Egbin nítòsí Ìkòròdú lè ṣe iná tó 1,320 mẹ́gáwáàtì, ṣùgbọ́n gáàsì ò sí lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Niger Delta ni páìpù ti ń gbé e wá. Tí páìpù bá bẹ́, tàbí tí gbèsè bá pọ̀ lọ́rùn, ẹ̀rọ á dákẹ́. Apínná kì í rí gbogbo owó rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, kì í sì í san ti olùpèsè iná pé. Olùpèsè náà á jẹ ẹni tó ń ta gáàsì ní gbèsè. Ọ̀nà tí iná gbà wá ni gbèsè ń gbà padà.

Tí tiransifọ́mà bá wá jó, ẹgbẹ́ onílé ló ń dáwó. Wọ́n á bu iye kan lé ilé kọ̀ọ̀kan, ayálégbé á kùn, á sì san. Bí wọ́n bá ti gbé e dé, apínná á so wáyà mọ́ ọn, ó di tirẹ̀. Ìlànà NERC ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá apínná tọwọ́ bọ̀wé kí owó wọn lè padà. Ta ló fẹ́ dúró de ìwé nígbà tí ẹja inú fíríìsà ti ń yọmi?

Òfin iná ti 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti máa bójú tó iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó sì ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ NERC ní 2024. Tí mítà ará Adó-Èkìtì bá ń jẹ owó ju bó ṣe yẹ lọ, àjọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló máa lọ bá báyìí, kì í ṣe Àbújá. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń yí ẹ̀rọ, àti wáyà ńlá tó ń gbé iná náà bọ̀, wọn ò sí níkàáwọ́ àjọ yẹn.