Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ lórí híjáàbù: Ta ló wá ni ilé-ìwé?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2016, ìran ńlá ló ṣẹlẹ̀ ní Baptist High School tó wà nílùú Ìwó, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ti ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú híjáàbù lórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Kristẹni ẹgbẹ́ wọn ń wọlé bọ̀ nínú aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò rò pé ọdún ni wọ́n ń ṣe nílé-ìwé náà. Àwòrán àwọn ọmọ ọ̀hún kún inú ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá.

Ohun tó gbé aṣọ akọrin dé kíláàsì ni ìdájọ́ tí Adájọ́ Jídé Fálọlá ti ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé kalẹ̀ ní Òṣogbo lọ́jọ́ 3, oṣù kan náà. Àwọn Mùsùlùmí ìpínlẹ̀ náà ló pẹjọ́, Adájọ́ sì ní ẹ̀tọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn ni láti lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi, CAN, fárí gá. Wọ́n ní owó ìjọ ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní ti ìjọba yìí, bí híjáàbù bá sì máa wọlé, àfi kí aṣọ ìjọ náà wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn ọmọ fi kó aṣọ akọrin jáde láti inú àpótí.

Ní Èkó, kóòtù ni wọ́n gbé tiwọn gbà, ó sì pẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní òun kò fẹ́ híjáàbù lórí yunifọ́ọ̀mù ní ilé-ìwé ìjọba, ni ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, bá mú ẹjọ́ náà lọ sílé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà, lórúkọ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Lọ́jọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 2014, Adájọ́ Modupe Onyeabor dá wọn lẹ́bi. Èrò tirẹ̀ ni pé torí kí gbogbo ọmọ lè rí bákan náà ni yunifọ́ọ̀mù ṣe wà, àti pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan. Lọ́jọ́ 21, oṣù keje, ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìjọba Èkó kò gbà, wọ́n tún gbé e lọ sí Àbújá. Ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn: nínú àwọn adájọ́ méje tó jókòó, márùn-ún fara mọ́ híjáàbù, méjì kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé girama nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ti tó ẹni tó lè parí yunifásítì kí ẹjọ́ tó parí.

Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé lórí. Ó fún oníkálukú ní òmìnira láti gba ohun tó bá wù ú gbọ́, kó sì fi hàn nínú ìjọsìn, nínú ẹ̀kọ́ àti nínú ìṣe, ì báà jẹ́ ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Abala náà kan náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Lóòótọ́, abala 45 gba ìjọba láàyè láti dín òmìnira yìí kù bí ó bá di ọ̀rọ̀ ààbò, ìlera tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: aṣọ tí ọmọ ọdún méjìlá fi borí, ààbò ta ló bàjẹ́, ẹ̀tọ́ ta ló sì gbà? Kò rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ sòótọ́ láti tọ́ka sí ẹnì kan.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdájọ́ náà tí agbẹjọ́rò kan, Malcolm Omirhobo, fi wọ inú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kan náà gẹ́gẹ́ bí aborìṣà: kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyẹ́ ẹyẹ wà lórí rẹ̀. Ó ní olùsìn Olókun lòun, bí onísìn kan bá sì lè wọ aṣọ ẹ̀sìn rẹ̀, òun náà lè wọ tòun. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ní ó fi kóòtù ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ Ìwó tọ̀ ní 2016 ni ọkùnrin náà tọ̀: ẹ jẹ́ ká ṣe é débi tí yóò fi sú gbogbo ayé. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó borí kò sọ pé kí ẹnì kejì òun borí, kò sì bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn fi nǹkan kún un ni. Ẹ̀wù akọrin kì í ṣe àṣẹ ẹ̀sìn fún ọmọ tó ń lọ kọ́ ìṣirò láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó wọ̀ ọ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé torí aṣọ nìkan ni inú ṣe ń bí àwọn Kristẹni kò tí ì gbọ́ ẹjọ́ wọn yé. Àwọn Onítẹ̀bọmi, Áńgílíkà, Àgùdà àti àwọn ìjọ mìíràn ló dá owó jọ, tí wọ́n ra ilẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kí ìjọba tó gbà wọ́n láàárín àwọn ọdún 1970. Orúkọ ìjọ wà lára ògiri títí di òní, ìjọba ló sì ń san owó olùkọ́. Ní Èkó, ìjọba Bọ́lá Tinúbú dá púpọ̀ padà fún àwọn ìjọ ní 2001, àwọn yẹn sì di ilé-ìwé aládàáni. Níbi tí wọn kò ti dá a padà, bàbá méjì ló ń pe ọmọ kan ní tèmi. Ìyẹn ni wọ́n ń jà lé lórí, híjáàbù kàn jẹ́ ohun tí ojú rí ni.

Àwọn Mùsùlùmí náà ní ohun tí wọ́n ń rántí. Nígbà ayé òyìnbó, ilé-ìwé àwọn míṣọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ lè gbà kàwé, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ló sì gba orúkọ ìrìbọmi níbẹ̀ tí wọn kò bọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ní Èkó ní 1923, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Olóyè MKO Abíọ́lá tó jẹ́ Mùsùlùmí pàápàá, Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ló lọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti pàdánù orúkọ ní kíláàsì rí, bí wọ́n bá tún ní kí ọmọ rẹ̀ ṣí ìbòrí lẹ́nu géètì, kò lè gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù lásán.

Kwárà ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù. Ní oṣù kejì, ọdún 2021, ìjọba ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa ní Ìlọrin, gbogbo wọn ló jẹ́ èyí tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ ní 2019 pé ti ìjọba ni wọ́n, ìjọba sì ní ọmọ tó bá wù kó lo híjáàbù. Lọ́jọ́ 17, oṣù kẹta, wọ́n ju òkúta lu ara wọn níwájú ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ní Súrúlérè, Ìlọrin. Nígbà tó di ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 2022, ní Oyun Baptist High School, Ìjàgbó, ó ti kọjá òkúta. Ẹnì kan kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Àwọn àgbàlagbà ló kó ara wọn jọ síwájú géètì ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ tó ni ìwé lápò wà láàárín wọn.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí kan náà ló ń jẹ ìrẹsì ọdún Kérésì àti ẹran Iléyá nínú abọ́ kan ṣoṣo. Ṣàṣà ni agboolé Yorùbá tí Àlàájì àti Díákónì kò ti jọ ń pe ara wọn lẹ́gbọ̀n-ọ́n àti àbúrò. Ní ìlú Ìwó tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀ yìí náà ni Yunifásítì Bowen tí í ṣe ti àwọn Onítẹ̀bọmi wà, iṣẹ́ ń lọ. Kò sí ẹni tó ń béèrè lọ́jà bóyá ẹni tó ta ata fún òun borí.

Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìjọba Kwárà tí àwọn tó ń pariwo ní apá méjèèjì kò fẹ́ gbọ́: ọmọ tó bá wù. Ẹ̀tọ́ náà kì í ṣe ti bàbá, kì í ṣe ti lémọ́ọ̀mù, kì í ṣe ti ọ̀gá ilé-ìwé. Olùkọ́ tó já híjáàbù lórí ọmọ ti ṣẹ̀ sí òfin. Olùkọ́ kéú tó na ọmọ nítorí pé kò borí lọ sí ilé-ìwé ìjọba kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀yìn èkíní làwọn agbẹjọ́rò pọ̀ sí. Ti èkejì, inú ilé ni wọ́n ń sọ ọ́ mọ́.

Ẹnì kẹta sì wà tí kò sí nínú ìwé ẹjọ́ kankan. Ọmọ onífá wà ní kíláàsì tó fi ìdè sọ́wọ́, ọmọ wà tí wọ́n bí ní dàdá tí àwọn òbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi abẹ kàn án lórí láìṣe ètùtù. Ní 2023, àwọn ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kéde ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún àyájọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Abala 38 tó gba híjáàbù láàyè kò yọ ìdè sílẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní kí ọmọ yìí já a kó tó wọlé, a jẹ́ pé ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí kò tí ì sí ẹgbẹ́ tó ń bá wọn gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé Àbújá.